Èmi Ni Mo Fọwọ́ Kan Ewé Yẹn, Kì Í Ṣe Bàbá Múfú

Ilé wa,
Ọjà Igbó,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìbùkún, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tí mo ti ń jókòó ti lẹ́tà yìí. Bí mo bá kọ ìlà méjì, màá fà á ya. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu; ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú sì tún ń tì mí pé ó pẹ́ tó báyìí kí n tó sọ ọ́. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, màá tún yà á gba ibòmíràn. Nítorí náà, wá ibì kan jókòó sí, kí o kà á tán kí o tó pè mí.

Lọ́jọ́ tí o pè láti sọ fún mi pé ilé ìwòsàn tí ẹ wà ní Kánádà ti fi ọ́ ṣe ògbufọ̀, pé ìwọ ni yóò máa gbẹnu sọ fún àwọn àgbàlagbà wa tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwájú dókítà, inú mi dùn débi pé mo bú sórin. Ìgbà náà lo wá sọ pé, nígbà tí wọ́n bi ọ́ pé ta ni o rí tí o fi yan irú iṣẹ́ yìí, o dá wọn lóhùn pé ìyá rẹ ni, pé ìyá rẹ ti ṣe ògbufọ̀ rí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo gbé fóònù sílẹ̀. Oúnjẹ tó wà níwájú mi lọ́jọ́ náà, mi ò lè jẹ ẹ́.

Má gbàgbé ọ̀sán tí a ṣe àdúrà ìdágbére fún ọ nínú pálọ̀ wa kí o tó lọ. Lẹ́yìn tí pásítọ̀ gbàdúrà tán, tí àwọn àlejò ń jẹ móínmóín, ìwọ lo dìde láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìtàn bàbá ará Ọ̀yọ́ tó ba iṣẹ́ ọnà òyìnbó jẹ́ nínú mùsíọ̀mù lo sọ. O gbé ọwọ́ lé àyà bíi tirẹ̀, o ń tẹrí ba, o ń wí pé, “Sọ́rì, sà. Sọ́rì, sà.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, ẹnu mi lo ti gbọ́ ìtàn yẹn. Ẹnu mi ni bàbá rẹ náà ti gbọ́ ọ. Ó sì di olóògbé láìmọ̀ pé irọ́ ni.

Irọ́ ni. Bàbá ará Ọ̀yọ́ kò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíláàsì kejì ní girama lo wà nígbà náà. Obìnrin òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá mùsíọ̀mù ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ọ̀yọ́, ó sì rí igbá fínfín kan tó wù ú ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Akẹ̀sán. Ó wádìí ẹni tó fín in, wọ́n sì mú un dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Múfú. Ó ní kí bàbá náà wá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níwájú àwọn òyìnbó. Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ẹyọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò bá a lọ. Ẹnì kan nínú ìjọ wa tó mọ̀ sí ètò náà ló dárúkọ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá wọ ọkọ̀ òfurufú nìyẹn. Mo rán aṣọ tuntun mẹ́rin.

Kíyè sí i pé nínú ìtàn tí mo máa ń sọ fún yín, “ó” ni mo máa ń pe bàbá náà. Ó ṣe báyìí, ó ṣe tọ̀hún, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọdé. Wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Láti ibí yìí lọ, n ó máa pè wọ́n bó ṣe yẹ kí n ti máa pè wọ́n.

Ohun kìíní tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn níbi iṣẹ́ rẹ nìyí: má ṣe máa tijú ẹni tí o ń gbẹnu sọ fún. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ mi ti kọ́kọ́ yọ̀. Láti ìgbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ni ojú Bàbá Múfú ti ń tì mí. Gbogbo òyìnbó tí a bá pàdé lójú pópó ni bàbá ń kí. Wọ́n á dúró, wọ́n á ní, “Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ o,” àwọn yẹn á sì máa wò. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń ṣe àlùwàlá nínú báwó tí à ń fọwọ́ nínú rẹ̀, omi á kún ilẹ̀. Èmi ni àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì sì máa ń wá bá pé kí n kìlọ̀ fún bàbá mi. “Bàbá mi” tí wọ́n ń wí yẹn máa ń dùn mí. Mo máa ń yára dá wọn lóhùn pé kì í ṣe bàbá mi, pé olùkọ́ ni mí, iṣẹ́ ni mo bá wá. Bí a bá ń rìn, mo máa ń fi ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta ṣáájú, kí ẹni tó bá ń wò wá má baà rò pé a jọ wá ni. Ọmọ mi, ẹni tó bá ti ń rìn ṣáájú ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi já a jù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú igbá méjìlá tí Bàbá Múfú kó wá palẹ̀ sórí tábìlì gígùn. O kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹja, alángbá, okùn tó lọ́ mọ́ra bí irun dídì, gbogbo rẹ̀ ni bàbá fi ọ̀bẹ kékeré kan fín láìkọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì yà á. Ọ̀gá mùsíọ̀mù náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀kan, ó sì sọ̀rọ̀ kan fún mi. Ó ní àwọn fẹ́ mú mẹ́ta nínú rẹ̀, kí ó wà nínú mùsíọ̀mù náà títí láé, ṣùgbọ́n kí n má tíì sọ fún bàbá títí di ọjọ́ Ẹtì tí ìgbìmọ̀ àwọn yóò fọwọ́ sí i, kí àwọn lè fi ayẹyẹ kéde rẹ̀ fún un. Mo ní kò burú.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ní kí a lọ wo inú mùsíọ̀mù náà. Má rò pé irú ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ni. Iṣẹ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣì wà láyé ló kún ibẹ̀. Nínú yàrá kan, aṣọ ńlá kan ni wọ́n kùn ní pupa láti òkè délẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Nínú òmíràn, àga tó ti kán ni wọ́n dojú rẹ̀ dé. Nínú òmíràn, tẹlifíṣọ̀n ń fi obìnrin kan hàn tó ń fọ abọ́ kan ṣoṣo, tó ń fọ̀ ọ́ tí kò sì mọ́. Ẹ̀rù bà mí nínú ilé náà. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, mi ò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wí níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí Bàbá Múfú mọ̀ pé mi ò mọ̀. Nígbà tí Bàbá Múfú bi mí pé kí ni ẹni tó kun aṣọ pupa yìí ní lọ́kàn, mo ní wèrè ló ń ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n dúró síwájú pupa yẹn títí, wọ́n wá sọ fún mi pé kì í ṣe pupa kan ṣoṣo, pé kí n wò ó dáadáa. Mo wò ó. Mi ò rí nǹkan kan. Inú wá bí mi pé wọ́n rí ohun tí èmi kò rí.

Èyí ni ìkejì. Bí nǹkan kò bá yé ọ, sọ pé kò yé ọ. Bí dókítà bá sọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn sí ọ, dá a dúró, kí o bi í. Ẹ̀rín tí àìmọ̀ bá rín, ìgbéraga ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti fi nǹkan rẹ́rìn-ín kò ní lè padà wá béèrè rẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni a wọ yàrá àwọn ewé. Yàrá náà funfun, ó tóbi, ó sì dákẹ́. Láti òkè àjà ni wọ́n ti fi òwú tín-ín-rín so àwọn ewé rọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, wọ́n sì wà ní àárín afẹ́fẹ́ bí ìgbà tí ewé ń já bọ́ tí kò sì tíì délẹ̀. Ẹni tó ṣe é ti yọ ara ewé kọ̀ọ̀kan kúrò, ó ku iṣan rẹ̀ nìkan, tó rí bí àwọ̀n. Ẹnu Bàbá Múfú kò lè padé. Wọ́n ń lọ láti ìdí ewé kan dé òmíràn, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, wọ́n ń wí pé, “Báwo ló ṣe yọ ọ́ tí kò ya? Irú ọ̀bẹ wo nìyí?” Mo ní ewé rọ́bà ni, pé irú rẹ̀ kún ọjà Takie nílé. Wọ́n ní rárá, ewé gidi ni. Wọ́n kọjá lọ sí apá kejì, wọ́n kẹ́yìn sí mi.

Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé rọ́bà ni. Mo na ọwọ́, mo di ọ̀kan mú.

Ó rún sí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ mi fà sẹ́yìn, òrùka mi sì kọ́ òwú rẹ̀. Òwú yẹn fa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà fa òmíràn, àwọn ewé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀, odindi ìlà kan. Kò pariwo rárá. Nígbà tí ó fi dáwọ́ dúró, mo ti sún sẹ́yìn dé ara ògiri, mo ti yọ òwú kúrò lára òrùka mi. Bàbá Múfú yí padà, wọ́n rí ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n sì yára wá, wọ́n tẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fi ìka méjì ṣa àwọn ewé náà sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń ṣa ọmọ adìyẹ. Wọ́n bi mí pé kí ló já a. Mo ní mi ò mọ̀.

Bí wọ́n ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn nígbà tí ẹ̀ṣọ́ wọlé. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá lọ́jọ́ kejì ló wọlé wá, ojú rẹ̀ sì funfun bí ìyẹ̀fun. Ó bi èmi ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló fọwọ́ kàn án.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá wà lẹ́nu mi, Ìbùkún. “Èmi ni.” Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé wọn yóò ní olùkọ́ tí wọ́n mú wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò ó pé ìròyìn yóò dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkàn mi ṣì ń sáré kiri bẹ́ẹ̀ nígbà tí Bàbá Múfú gbójú sókè láti ilẹ̀, tí wọ́n bi mí pé, “Kí ni wọ́n ń sọ?”

Mo dá wọn lóhùn pé, “Inú wọn bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ yìí. Ẹ bá wọn kẹ́dùn.”

O mọ bí àwa ṣe ń lo “sọ́rì” nílé. Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀, a ó ní sọ́rì. Bí ìyà bá jẹ ẹlòmíràn tí ọwọ́ wa kò sí níbẹ̀, a ó ní sọ́rì. Pẹ̀lẹ́ ni à ń wí. Bàbá Múfú dìde, wọ́n gbé ọwọ́ kan lé àyà, ewé wà ní ọwọ́ kejì, wọ́n tẹrí ba fún obìnrin náà, wọ́n ní, “Sọ́rì, madam. Sọ́rì, sà.” Wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Omi wà lójú wọn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì jẹun mọ̀ dájú pé létí obìnrin yẹn, ẹni tó bá ní sọ́rì pẹ̀lú ewé lọ́wọ́ ti jẹ́wọ́. Mo mọ̀ kí n tó ní kí wọ́n sọ ọ́. Obìnrin náà yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé òun ni?” Mo ní, “Ó ní kí ẹ má bínú.”

Ọdún tó ti kọjá láti ìgbà náà kò kéré, gbólóhùn kan yẹn ni mo sì ń fi tu ara mi nínú. Mo máa ń wí fún ara mi pé mi ò purọ́, pé mi ò sọ pé bàbá ni. Ṣé o rí i? Ohun tí mo fẹ́ kí o bẹ̀rù jù níbi iṣẹ́ rẹ nìyí, kì í ṣe irọ́ gbangba. Irọ́ gbangba ní ojú, a máa ń rí i tó ń bọ̀. Bẹ̀rù gbólóhùn tó jẹ́ òótọ́ tí o fi irọ́ pa mọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ti fi ara rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí o bá darí rẹ̀ sínú kòtò, kò ní mọ̀ pé ìwọ ni. Yóò tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o dì í mú.

Kò sẹ́ni tó tún wádìí. Ẹni tó ti jẹ́wọ́, kí ni wọ́n tún ń wádìí rẹ̀ sí? Ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà, wọ́n kọ ìwé sí wa pé iṣẹ́ igbá fínfín kò ní wáyé nínú mùsíọ̀mù náà mọ́, pé wọ́n ti gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní ẹ̀yìn ìlú. Ọ̀gá náà sì sọ fún mi pé ìgbìmọ̀ àwọn kò ní lè mú igbá mẹ́ta yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Mo sọ fún Bàbá Múfú pé wọ́n ń tún yàrá ṣe ni wọ́n ṣe gbé wa kúrò. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló ń yọjú tí wọ́n á sì lọ. Bàbá jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń fín igbá níwájú àga òfìfo.

Lọ́jọ́ tí à ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn wé àwọn igbá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní, “Ìyá Ìbùkún, ṣé iṣẹ́ mi ni kò dára tó?”

Àyè ti tún ṣí sílẹ̀ fún mi nígbà náà. Mo ní, “Bàbá, òyìnbó ló mọ ohun tó wù wọ́n.”

Nígbà tí mo délé, bàbá rẹ bi mí pé ìrìn àjò náà ti rí. Ó ti gbọ́ láti ẹnu ará ìjọ pé wọ́n gbé wa kúrò nínú mùsíọ̀mù. Mo ní láti sọ ìdí rẹ̀, mo sì sọ ọ́ tó fi rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe rí i pé ó pa á lẹ́rìn-ín, ọkàn mi fúyẹ́. Mo sọ ọ́ ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ìwo kún un, mo fi ìrù kún un. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lójú inú mi pé Bàbá Múfú ló na ọwọ́. Ọmọ mi, ohun tó bá dùn ọ́ lẹ́rìí ọkàn, má ṣe sọ ọ́ di àwàdà. Ẹ̀rín máa ń pa ojú ọgbẹ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò máa rà nísàlẹ̀, àwọn ọmọ tí o bí yóò sì jogún rẹ̀ láìmọ̀. Ọ̀sán ìdágbére yẹn ni mo rí ohun tí mo fi lé ọ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo wọ mọ́tò ní Takie, mo lọ sí Ọ̀yọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo béèrè Bàbá Múfú ní Akẹ̀sán, obìnrin kan sì júwe ilé fún mi. Ìyàwó wọn ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń to igbá sí oòrùn. Igbá funfun lásán ni gbogbo rẹ̀, irú èyí tí à ń fi bu omi. Mo bi í pé àwọn fínfín ńkọ́. Ó ní bàbá kò fín igbá mọ́, ó ti pẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ìlú òyìnbó dé ni ọwọ́ wọn ti tutù sí i, wọ́n ní ayé ti kọjá iṣẹ́ àwọn. Nígbà tí Múfú, ọmọ wọn, fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà.

Bàbá jókòó nínú ilé lórí ẹní. Wọ́n ti di arúgbó, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ mí kí n tó dárúkọ. Inú wọn dùn. Wọ́n ń béèrè rẹ, wọ́n ní ọmọ tí mo máa ń ra nǹkan fún ní ìlú òyìnbó ńkọ́. Mo kúnlẹ̀, wọ́n sì rò pé kíkí ni mò ń kí wọn. Mi ò dìde. Mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí. Mo sọ ti òrùka. Mo sọ ohun tí “sọ́rì” jẹ́ létí àwọn òyìnbó. Wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní àwọn ti rò láti ìgbà náà pé atẹ́gùn ló já a.

Wọ́n wá bi mí pé, “Igbá mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti wo igbá mi kí èyí tó ṣẹlẹ̀?”

Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn ló ti ń bà mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní wọ́n ti wò ó. Mo ní wọ́n fẹ́ mú mẹ́ta níbẹ̀, kó wà nínú ilé náà títí láé.

Bàbá Múfú ní, “Kí ni obìnrin náà sọ? Ẹ má ṣe kó o jọ fún mi. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.”

Mo rántí rẹ̀. Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí mo rò pé ó tọ́ kí wọ́n gbọ́ bó ṣe dún, mo sì wá sọ ọ́ ní Yorùbá: “Láti ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ọwọ́ tó dúró báyìí rí. Bàbá yìí kò ṣi ọ̀bẹ gbé níbì kan ṣoṣo.”

Wọ́n fi aṣọ bo ojú. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe ìyàwó wọn wọlé, wọ́n sì ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ìyá náà kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Bàbá ló ń wò. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé. Mo fa ìwé yọ nínú báàgì mi, mo kọ ọ́ ní èdè méjèèjì, wọ́n sì gbà á.

Mo bẹ̀ wọ́n. Bàbá ní kí n dìde, pé àwọn ti gbọ́. Wọn kò sọ pé àwọn dárí jì mí. Wọ́n ní, “Ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà ni ẹ ṣẹ̀, kò sí níbí mọ́ tí màá fi bi í.” Mo fẹ́ kí o ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò bú mi. Ìyá Múfú kò sìn mí jáde. Mo jókòó nínú mọ́tò, mo sunkún láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin tó jókòó tì mí sì ń wí fún mi pé, “Sọ́rì, mà.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dìde ní ìpàdé àwọn ìyá, mo sì sọ ọ́. Àwọn kan ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó ti pẹ́. Ẹnì kan ní kí ló dé tí mo fi ń tú ara mi síta ní ọjọ́ ogbó. Mo jókòó. Kò sí ẹni tó jókòó tì mí nígbà tí a ń jẹun.

Mi ò rántí iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà sílẹ̀ báyìí. Fi èyí kún un: ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni òtítọ́ máa ń rọrùn jù. Bí o bá sọ ọ́ nígbà náà, ojú lásán ni yóò tì ọ́. Bí o bá jẹ́ kó pẹ́, ẹlòmíràn ni yóò máa fi ayé rẹ̀ san án. Nígbà tí o bá ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀ níwájú dókítà, kódà bó jẹ́ ẹyọ kan, kódà bí wọn kò bá ní mọ̀, sọ níbẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣi í sọ.” Jẹ́ kí wọ́n rò pé o kò mọ iṣẹ́. Ó sàn.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ wúwo. Àwọn tó wà ní pálọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, o ní nọ́ńbà fóònù ọ̀pọ̀ wọn. Èmi náà n ó lọ bá àwọn tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí náà lẹ́nu rẹ. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ni. Má ṣe rọ̀ ọ́ lójú fún mi. Àwọn tí o sì sọ fún níbi iṣẹ́ pé èmi lo fi ṣe àwòkọ́ṣe, ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Èmi kò lè sọ ohun tó yẹ kí o ṣe sí i.

Mo mọ̀ pé nígbà tí o bá ka èyí tán, o lè má fẹ́ pè mí fún ọjọ́ díẹ̀. Má ṣe fipá mú ara rẹ. Máa jẹun dáadáa, kí o sì máa wọ ibọ̀sẹ̀, otútù ìlú yẹn kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí arúgbó kan bá jókòó tì ọ́ níwájú dókítà lọ́la, tó gbójú sókè wò ọ́, tó bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń sọ, sọ ọ́ fún un. Gbogbo rẹ̀ ni kí o sọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Ìbùkún.